Láti Orí Òkè Òròsùn dé Ayétòrò: Gíga Ilẹ̀ nínú Ìtàn Ìkálẹ̀

Bí a bá fa okùn tààrà láti òkè Ìdànrè dé Ayétòrò létí òkun, gígùn rẹ̀ kò ní ju nǹkan bí 120 kìlómítà lọ. Ṣóńṣó òkè Òròsùn ní Ìdànrè fi nǹkan bí 900 mítà ga ju òkun lọ. Ilẹ̀ Ayétòrò kò fi ju mítà mélòó kan ga ju omi tó ń gbá a lójú. Ààrin àwọn méjèèjì ni ilẹ̀ Ìkálẹ̀ wà. Kò ní àpáta tó ń kan sánmọ̀, kò sì jókòó sínú omi bí ilẹ̀ àwọn Ìlàjẹ etí òkun. Ìkọ̀yà tí í ṣe ìlú ọba tí à ń pè ní Abòdì, Òkìtìpupa tó múlé tì í, àti Òde-Ìrèlè lápá ìlà-oòrùn, orí ilẹ̀ pupa tí kò ga tó 100 mítà ni gbogbo wọn wà.

Àlejò tó bá wa ọkọ̀ kọjá lè sọ pé ilẹ̀ náà tẹ́ pẹrẹsẹ, kó sì máa bá tirẹ̀ lọ. Ẹni tó bá dúró di ìgbà òjò ni yóò mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ìyàtọ̀ mítà mẹ́wàá péré níbí ló ń sọ ibi tí a ó kọ́lé sí, ibi tí a ó gbin ẹ̀gẹ́ sí, ibi tí a ó ti da ògùrọ̀ àti ibi tí ọkọ̀ ojú omi ti lè gúnlẹ̀. Òun náà ló sọ ẹni tó là àti ẹni tí ọjà fi sílẹ̀. Agbedeméjì òkè àti omi ni Ìkálẹ̀ wà láti ìbẹ̀rẹ̀: nígbà tí ọrọ̀ bá ń ti inú omi gòkè bọ̀, òun ni ẹnu ọ̀nà, nígbà tí ọrọ̀ bá gba orí ilẹ̀ lọ, òun ni ẹ̀yìnkùlé.

Bí ilẹ̀ náà ṣe dáyé

Ní ohun tó lé ní 100 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn ni Áfíríkà àti Gúúsù Amẹ́ríkà, tí wọ́n jẹ́ ilẹ̀ kan ṣoṣo tẹ́lẹ̀, ya kúrò lára ara wọn. Níbi tí ilẹ̀ ti ya, ó rì, òkun sì wọ ibẹ̀. Kòtò ńlá kan ṣí sílẹ̀ láti apá Gánà, ó gba Tógò àti orílẹ̀-èdè Benin kọjá, ó sì wọ ilẹ̀ Yorùbá. Òun ni àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń pè ní Dahomey Basin. Abẹ́ ilẹ̀ Ìkálẹ̀ ni ó ti parí lápá ìlà-oòrùn, nítorí òkè àpáta kan wà níbẹ̀ tí iyanrìn bò mọ́lẹ̀ bí ẹran ṣe ń bo egungun. Okitipupa Ridge ni orúkọ òkè náà nínú ìwé wọn. Ó kọ ẹ̀gbẹ́ kan sí Èkó, ó kọ ẹ̀gbẹ́ kejì sí ilẹ̀ epo Niger Delta. Nítorí náà, ẹni tó bá ní Ìkálẹ̀ kò ní òkè kò wo ìsàlẹ̀ dáadáa. Abẹ́ ilẹ̀ ni ó gbé tirẹ̀ sí.

Odò ni ó kún kòtò náà. Fún ọdún tí a kò lè fi ẹnu kà tán ni òjò ń fọ àpáta Ìdànrè àti ti Oǹdó, tí odò sì ń kó iyanrìn àti amọ̀ wọn wá sísàlẹ̀, ìpele lórí ìpele. Ìpele tó wà lókè pátápátá ni ilẹ̀ pupa tí ilé wa wà lórí rẹ̀ lónìí. Irin tó wà nínú rẹ̀ ló dípẹtà tó fi pọ́n bẹ́ẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀ ni ìpele tí wọ́n sọ ní Araromi wà. Lábẹ́ èyí náà ni ìpele Afowo, ilé ọ̀dà.

Ìpele wọ̀nyí dagun. Wọ́n jìn lápá òkun, wọ́n sì ń gòkè bọ̀ bí wọ́n ṣe ń sún mọ́ ilẹ̀ àpáta. Níbi tí wọ́n ti yọrí síta ni ọ̀dà ti ń yọ fúnra rẹ̀, ní Agbábù àti ní àwọn abúlé tó wà lọ́nà Òde-Ìrèlè. Bí oòrùn bá mú, ọ̀dà dúdú yóò máa sun jáde láti inú iyanrìn, yóò lẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́. Ọ̀nà ọ̀dà náà gùn tó nǹkan bí 120 kìlómítà, láti apá Ìjẹ̀bú kọjá ilẹ̀ wa lọ sí apá Ẹdó. Ilé iṣẹ́ Nigerian Bitumen Corporation tí John Simon Bergheim dá sílẹ̀ gbẹ́ kànga wò níbẹ̀ kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó bẹ́ sílẹ̀ ní 1914, tí iṣẹ́ náà sì dáwọ́ dúró. Títí di òní, a ṣì ń gbé orí ọ̀dà, a sì ń ra ọ̀dà tí a fi ń ṣe títì.

Ọmọ Ìkálẹ̀ kan wà tó mọ ìwé ilẹ̀ yìí kà dáadáa. Olúṣẹ́gun Agagu, ọmọ Ìjù-Odò, onímọ̀ ilẹ̀ ni kó tó di olóṣèlú. Ó kọ́ni ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó sì ṣe gómìnà ìpínlẹ̀ Oǹdó láti 2003 di 2009. Orúkọ rẹ̀ ni yunifásítì ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì tó wà ní Òkìtìpupa ń jẹ́ báyìí.

Òkun tó wọ inú kòtò ńlá yẹn kò dúró sójú kan. Ní nǹkan bí 20,000 ọdún sẹ́yìn, nígbà tí yìnyín dì mọ́ apá àríwá ayé, ojú òkun fi nǹkan bí 120 mítà lọ sílẹ̀ ju ti òní lọ. Àwọn odò wa gbẹ́ àfonífojì jíjìn nítorí wọ́n ní láti sáré lé òkun tó ti fà sẹ́yìn. Nígbà tí yìnyín yọ́, omi padà wá, ó kún àwọn àfonífojì náà, ìgbì sì to iyanrìn sí iwájú wọn. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀sà tó lọ láti Èkó dé Màhín ṣe di ọ̀sà. Etí òkun tí a mọ̀ lónìí kò ju ibi tí omi sinmi sí fún ìgbà díẹ̀ lọ.

Ẹni tó gun àpáta, ẹni tó fi irà ṣe odi

Lẹ́bàá Ìsàrun, lápá òkè ìpínlẹ̀ Oǹdó, ni Ihò Eléérú wà. Ní 1965, Thurstan Shaw àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ hú egungun ènìyàn kan níbẹ̀ tí ọjọ́ orí rẹ̀ ju 11,000 ọdún lọ. Abẹ́ àpáta ni wọ́n ti rí i, ìdí rẹ̀ kò sì ṣòro: àpáta ń gba òjò dúró, abẹ́ rẹ̀ ń gbẹ, ohun tí a bá sin síbẹ̀ sì lè pẹ́. Ní ìsàlẹ̀, nínú ilẹ̀ iyanrìn tí omi ń gba inú rẹ̀ kọjá lọ́dọọdún, egungun kì í pẹ́. Bí a kò bá rí irú rẹ̀ ní Ìkálẹ̀, kò fi hàn pé ẹnikẹ́ni kò gbé ibẹ̀ láyé àtijọ́; ilẹ̀ náà ni kì í tọ́jú òkú.

Nígbà tí ogun gba ilẹ̀ Yorùbá kan ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, òkè ni ọ̀pọ̀ ènìyàn sá lọ. Ìbàdàn fìdí kalẹ̀ sórí òkè rẹ̀ ní nǹkan bí 1829. Ẹ̀gbá dé abẹ́ Olúmọ ní 1830. Àwọn ará Ìdànrè kò kúrò lórí àpáta wọn títí ìjọba òyìnbó fi dé; àtẹ̀gùn tó ju 600 lọ ni àlejò ń gùn lónìí kó tó dé ìlú àtijọ́ náà, tí ààfin àti ilé ẹjọ́ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Ìkálẹ̀ kò rí àpáta gùn. Ohun tó ní ni igbó, odò àti irà. Láàárín ilẹ̀ gíga kan àti èkejì, àfonífojì wà tí ògùrọ̀ hù dí, tí omi dúdú sì wà nídìí wọn. Ẹṣin tó mú kí Ọ̀yọ́ lágbára ní ọ̀dàn kò lè rìn níbẹ̀, eṣinṣin igbó pàápàá kò ní jẹ́ kó pẹ́ láyé. Ẹni tí kò bá mọ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà sọdá irà kò lè kógun ja ìlú tó wà lókè. Ní apá ìlà-oòrùn, agbára Benin dé ibẹ̀. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ọ̀pọ̀ ìdílé ọba Ìkálẹ̀, títí kan ti Abòdì, so wọ́n mọ́ Benin, tí ti àwọn mìíràn so wọ́n mọ́ Ifẹ̀. Síbẹ̀ ìjọba kéékèèké ni wọ́n dá sílẹ̀, ọba kọ̀ọ̀kan lórí ilẹ̀ gíga tirẹ̀, odò tirẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Bí ilẹ̀ ṣe pín ara rẹ̀ ni adé ṣe pín.

Ìlú wọn náà tẹ̀ lé ìrísí ilẹ̀. Òde-Ìdẹ̀pé, Òde-Ayé, Òde-Erínjẹ, Òde-Ìrèlè: òde ni ààfin, ojúbọ àti ọjọ́ ọdún wà. Abà ni iṣẹ́ wà, káàkiri gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilẹ̀, níbi tí ìdílé kọ̀ọ̀kan bá ti rí odò tó sún mọ́ oko. Ẹni tó bá ka iye ilé tó wà ní òde nìkan láyé àtijọ́ kò tíì ka ìlú.

Ọgbọ́n gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́

Ẹ jẹ́ ká sọ̀ kalẹ̀ láti ojú títì ní Ìkọ̀yà lọ sídìí odò. Ní òkè, ilẹ̀ pupa ni, ó gbẹ, ó sì le. Ilé àti ẹ̀gẹ́ ló wà níbẹ̀. Bí a bá rìn sísàlẹ̀ díẹ̀, ilẹ̀ á rọ̀, àwọ̀ rẹ̀ á máa ṣú, a ó sì bá ọ̀pẹ, kòkó tàbí rọ́bà níbẹ̀. Nídìí pátápátá, ilẹ̀ dúdú ni, ẹsẹ̀ ń rì, ìdí ògùrọ̀ ni a dé yẹn. Ìrìn ìṣẹ́jú mélòó kan ni gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n oko mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a ti là kọjá.

Láti ìdí irà yẹn ni wọ́n ti ń da ògùrọ̀, òun ni wọ́n sì ń sè di ògógóró. Nígbà tí owó gbẹ nílé àti lóko ní àwọn ọdún 1930, tí ọtí òyìnbó di ọ̀wọ́n, ṣíṣe ògógóró tàn kálẹ̀ ní gbogbo etí omi gúúsù Nàìjíríà. Ìjọba kà á sí ẹ̀ṣẹ̀, ọlọ́pàá sì ń wá ìkòkò rẹ̀ kiri. Irà tó ti gba àwọn baba lọ́wọ́ ogun ló tún ń bo iná ìkòkò mọ́lẹ̀ fún àwọn ọmọ.

Pùpurú ni oúnjẹ tó fi ilẹ̀ náà hàn jù. Orí ilẹ̀ gíga ni ẹ̀gẹ́ ti ń hù. Wọ́n á gbé e sọ̀ kalẹ̀ lọ rẹ sínú omi fún ọjọ́ mélòó kan títí yóò fi rọ̀. Wọ́n á yọ okùn inú rẹ̀, wọ́n á fún omi rẹ̀ dànù, wọ́n á sì mọ ọ́n rógódó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tò ó sórí àjà, kí iná àti èéfín máa yá a títí ara rẹ̀ yóò fi dúdú. Ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ jẹ ẹ́ ni wọ́n á ha èèpo dúdú náà kúrò, tí inú rẹ̀ á sì funfun. Wọ́n á gún un, wọ́n á kù ú, wọ́n á rò ó lórí iná.

Kí ló dé tí wọn kò sá a sóòrùn bí àwọn ará òkè ṣe ń sá èlùbọ́? Òjò ni. Nǹkan bí 2,000 mìlímítà òjò ló ń rọ̀ ní ìhà yìí lọ́dún, atẹ́gùn òkun sì ń mú kí ìkùukùu pẹ́ lójú ọ̀run. Ẹni tó bá gbẹ́kẹ̀ lé oòrùn níbí, ẹ̀gẹ́ rẹ̀ á hu olú. Èéfín ló dá wọn lójú. Pùpurú tó yá dáadáa kì í tètè bàjẹ́, ó sì ṣeé gbé wọ ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn Ìlàjẹ tí wọn kò ní ilẹ̀ tí ẹ̀gẹ́ ń hù. Ẹja yíyan ni ọkọ̀ náà ń kó bọ̀. Ọjà Igbókòdá àti ti Òkìtìpupa dúró lórí pàṣípààrọ̀ yìí: ilẹ̀ gbígbẹ ń bọ́ ilẹ̀ omi, ilẹ̀ omi ń bọ́ ilẹ̀ gbígbẹ.

Ọ̀nà Oǹdó

Ìgbà tí Ìkálẹ̀ di ẹnu ọ̀nà fún ilẹ̀ Yorùbá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní 1861. Èkó ní ọjà, Ìbàdàn, Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì ní epo àti èkùrọ́, ṣùgbọ́n Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ló dúró láàárín, bí ọ̀rọ̀ bá sì ti ṣẹlẹ̀, wọ́n á ti ọ̀nà. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. John Glover, ẹni tó ń ṣàkóso Èkó, gbójú sí ìlà-oòrùn. Ní 1872 ó rán Captain Goldsworthy lọ sí Oǹdó láti bá wọn parí ìjà tó ti lé wọn kúrò nílùú, kí ọ̀nà tuntun lè là.

Ìrísí ilẹ̀ ló jẹ́ kí ọ̀nà yìí ṣeé ṣe. Omi ọ̀sà tẹ́ láti Èkó dé Màhín. Ọkọ̀ lè kó ẹrù tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún alárù kò lè rù, kò sì ní gun òkè kan. Wọn yóò wọ ẹnu odò lọ títí ilẹ̀ yóò fi gbé orí sókè. Ibẹ̀ ni ẹrù ti ń bọ́ sórí ènìyàn, tí wọ́n á gba ilẹ̀ Ìkálẹ̀ gòkè lọ sí Oǹdó, kí wọ́n tó yà sí Iléṣà tàbí kí wọ́n máa lọ sí Ìbàdàn. Ibi tí ọkọ̀ ti pàdé ẹsẹ̀, ibẹ̀ ni owó ń gbé. Alárù ń jẹun níbẹ̀, ẹrù ń sùn níbẹ̀, ọba ń gba owó ibodè níbẹ̀. Iyọ̀, aṣọ, ọtí àti ìbọn ń gòkè. Epo àti èkùrọ́ ń sọ̀ kalẹ̀.

Nígbà tí ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní 1877, ọ̀nà yìí di ọ̀nà ìyè fún Èkìtìparapọ̀ tó ń bá Ìbàdàn jà. Gba ibẹ̀ ni àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tó wà ní Èkó ṣe ń fi ìbọn ìgbàlódé tí a ń ki láti ẹ̀yìn ránṣẹ́ sílé, ìbọn náà ló sì jẹ́ kí wọ́n lè dúró níwájú Ìbàdàn. Ní 1877 yìí kan náà ni Charles Phillips, òjíṣẹ́ ìjọ CMS, dé Oǹdó. Ó wà lára àwọn tó ṣe alárinà àdéhùn àlàáfíà 1886.

Àwọn ará Yúróòpù mìíràn náà rí ẹnu ọ̀nà yìí. Ní 1885, ilé òwò Jámánì kan tó ń jẹ́ Gaiser bá Amápetù, ọba Màhín, ṣe àdéhùn, ilẹ̀ Màhín sì wà lábẹ́ àsíá Jámánì fún oṣù mélòó kan kí Jámánì tó yọ̀ǹda rẹ̀ fún Gẹ̀ẹ́sì. Wọn kò wá nítorí ẹrẹ̀ Màhín. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀, tó gòkè lọ sí ilẹ̀ epo, ni wọ́n ń wò.

Bí ọ̀nà ṣe ṣí nípò

Ohun méjì ló ba ọ̀nà Oǹdó jẹ́. Ní 1892, Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọ̀n, ọ̀nà tó kúrú sì là. Ní 1896 wọ́n bẹ̀rẹ̀ rélùwéè láti Èkó, ó gba Abẹ́òkúta, ó sì dé Ìbàdàn ní 1901. Rélùwéè kì í fẹ́ irà, ilẹ̀ tó le ló ń wá. Láti ọjọ́ náà ni epo àti kòkó Ìbàdàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba orí irin lọ sí Èkó. Kò sí ogun tó ja Ìkálẹ̀, kò sí iná tó jó o. Ọjà kàn yí ojú sí ibòmíràn ni.

Ìjọba òyìnbó fi ibùjókòó ajẹ́lẹ̀ sí Òkìtìpupa, ó sì di olú ìlú fún Ìkálẹ̀, Ìlàjẹ, Àpọ́ì àti Ìjọ̀ Arógbò lápapọ̀. Yíyan ibẹ̀ kò yani lẹ́nu. Ilẹ̀ rẹ̀ ga, ó gbẹ, omi sì sún mọ́ ọn. Láyé ìgbà náà, òyìnbó ń bẹ̀rù irà ju ogun lọ. Ní 1897 ni Ronald Ross ṣẹ̀ṣẹ̀ fi hàn pé ẹ̀fọn ló ń gbé ibà kiri, tí Gómìnà MacGregor sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ irà Èkó. Ẹni tó ń ṣàkóso ilẹ̀ omi wá ń gbé lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ará Ìlàjẹ tó bá ní ẹjọ́ tàbí owó orí láti san yóò wa ọkọ̀, yóò sì tún fi ẹsẹ̀ gòkè.

Ohun tí omi ṣì ń gbé nígbà náà ni gẹdú. Láti igbó odò Olúwa ni wọ́n ti ń gé igi, tí wọ́n á yí i wọnú odò, tí wọ́n á so ó pọ̀. Igi fúyẹ́ bí arère ń léfòó fúnra rẹ̀. Igi wúwo ń rì, nítorí náà wọ́n á so ó mọ́ àwọn tó léfòó kí wọ́n lè gbé e. Àwọn tó ń tọ́ gẹdú náà á máa dáná lórí rẹ̀, wọ́n á máa sùn lórí rẹ̀, títí tí wọn yóò fi dé ilé ìlagi Èbúté Mẹ́ta. Omi tí kò ru ọjà mọ́ ṣì ń ru igbó lọ.

Lẹ́yìn òmìnira, ọ̀nà mọ́tò gba gbogbo rẹ̀. Nígbà tí ọmọ ogun Biafra gba Benin ní oṣù kẹjọ 1967 tí wọ́n sì ń bọ̀ wá sí Èkó, orí títì ni wọ́n wà, Orè ni wọ́n sì ti dá wọn dúró. Ọ̀nà márosẹ̀ Ṣàgámù sí Benin tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ogun tún gba Orè kọjá. Ìlú ojú ọ̀nà yìí dàgbà, ó di ibùdókọ̀ tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀, nígbà tí àwọn ebúté tó ti gba ẹrù Kírìjì rí ń padà di abúlé apẹja. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn dá oko ọ̀pẹ ńlá sílẹ̀ ní Òkìtìpupa ní 1968, ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó tí wọ́n dá sílẹ̀ ní oṣù kejì 1976 sì ṣe ilé iṣẹ́ dígí Olúwa ní Igbókòdá, nítorí iyanrìn funfun tó wà níbẹ̀ dára fún dígí. Iṣẹ́ méjèèjì lo ohun tí ilẹ̀ náà ní ní tòótọ́, ọ̀pẹ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, iyanrìn ní etí omi. Ohun tí wọn kò ní mọ́ ni ọ̀nà tó gba iwájú ilé wọn kọjá.

Àwọn tó ń fi nọ́ńbà sọ òkè

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ṣàkóso wa ti ní àṣà wíwọn gíga ilẹ̀ nílé wọn. Láti 1791 ni iléeṣẹ́ Ordnance Survey ti ń wọn ilẹ̀ Bìrìtìkó. Láti 1915 di 1921, wọ́n ń ṣàkọsílẹ̀ bí omi òkun ṣe ń kún tó sì ń fà ní Newlyn, ní Cornwall, wọ́n sì fi ìwọ̀n àárín rẹ̀ ṣe òdo. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti lè sọ pé Ben Nevis ní Scotland ga ní 1,345 mítà, wọ́n sì lè sọ gíga ìlú kọ̀ọ̀kan, abúlé kọ̀ọ̀kan, àní igun òpópónà.

Èyí tó yẹ kí àwa kọ́ jù nínú rẹ̀ wà ní ibi tó rẹlẹ̀ jù. Ní Holme Fen, lápá ìlà-oòrùn England, ilẹ̀ fi nǹkan bí 2.75 mítà rẹlẹ̀ ju òkun lọ. Irà ni tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń fa omi rẹ̀ kúrò láti sọ ọ́ di oko, wọ́n ri òpó irin kan mọ́lẹ̀ ní 1851, orí rẹ̀ ṣe déédéé pẹ̀lú ojú ilẹ̀. Lónìí, òpó náà yọ sókè ní nǹkan bí 4 mítà. Òpó kò gòkè. Ilẹ̀ ló wọlẹ̀. Ilẹ̀ irà tí omi rẹ̀ bá gbẹ á sún kì, ewé àti gbòǹgbò tó di ilẹ̀ á jẹrà, gíga rẹ̀ á sì máa dín kù lọ́dọọdún. Ẹni tó bá fẹ́ gbẹ́ omi ẹrẹ̀ Ìlàjẹ tàbí àkùrọ̀ Ìkálẹ̀ dànù láti kọ́ ilé sí i, kó kọ́kọ́ rántí òpó yẹn.

Ní Nàìjíríà, etí omi Èkó ni wọ́n ti mú òdo tí wọ́n fi ń ka gíga ilẹ̀, òpó àwọn awọnlẹ̀ tó wà lẹ́bàá Minna ni wọ́n sì fi ń mọ ibi tí ohun gbogbo wà lórí máàpù. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nọ́ńbà tí fóònù ń sọ fún wa lónìí kò ti ọwọ́ awọnlẹ̀ wá. Ní oṣù kejì 2000, ọkọ̀ gbalasa òfurufú Amẹ́ríkà kan yí ayé po fún ọjọ́ 11, ó ń fi rédà wọn gíga ilẹ̀. Rédà náà kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ inú ewé dé ilẹ̀. Níbi tí igbó bá dí tàbí tí ọ̀pẹ bá pọ̀, orí igi ló máa ń wọ̀n, a ó sì kà á pé ilẹ̀ ni. Ní Ìkálẹ̀, níbi tí ìyàtọ̀ òkè àti àbàtà kò ju mítà mélòó kan lọ, igi lásán lè sọ àbàtà di òkè lórí ìwé.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé nìkan. Àwọn baba ń kọ́lé sórí ilẹ̀ gíga, wọ́n ń fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dáko. Lónìí ilé ti ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ odò. Omi tó ń bọ́ láti orí páànù ilé òkè kò wọ ilẹ̀ mọ́, ó ń sáré lórí títì. Bí gọ́tà bá dagun sí ọ̀nà tí kò yẹ, tàbí tí kọ́fátì bá ga ju ojú omi lọ, ilẹ̀ pupa kì í jiyàn. Ó ń yọ́. Òjò kan lè là á, òjò kejì á sọ ọ́ di kòtò tí ewúrẹ́ lè farapamọ́ sí, nígbà tí ọdún bá sì yí po, ògiri ilé á ti dúró sí etí ọ̀gbun. Gọ́tà tó dára ń fẹ́ kí a mọ gíga ilẹ̀ dé ìwọ̀n ìka ọwọ́.

Òkun ń gòkè bọ̀

Ní 1947 ni àwọn onígbàgbọ́ kan láti inú àwọn Ìlàjẹ dá Ayétòrò sílẹ̀ lórí ẹrẹ̀ etí òkun. Wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n jọ ń ná owó, wọ́n fi pákó ṣe òpópónà, wọ́n gbẹ́ ipa omi, wọ́n kan ọkọ̀, wọ́n sì tan iná mànàmáná nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú òkè ṣì ń tan àtùpà. Òkìkí wọn dé ilẹ̀ òkèèrè. Ilẹ̀ tí wọ́n ṣe gbogbo rẹ̀ lé lórí kò ga tó àjà ilé.

Òkun ti gba ọ̀pọ̀ nínú ìlú náà. Etí òkun Màhín kì í ṣe iyanrìn bí ti Èkó, ẹrẹ̀ ni, ìgbì sì ń fọ ẹrẹ̀ lọ láìsí ìjàkadì. Ojú òkun gbogbo ayé ti fi nǹkan bí 20 sẹ̀ntímítà gòkè láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Iye yẹn kò jọ ẹnikẹ́ni lójú ní Ìdànrè, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó ní mítà kan péré ti sọ ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ nù. Àjọ ìdàgbàsókè Niger Delta (NDDC) gbé iṣẹ́ odi ìdáàbòbò síta ní 2004. Odi kò dé, omi dé. Ilé, ilé ẹ̀kọ́ àti ibi ìsìnkú ti wọnú òkun, àwọn tó kù sì ń sún sẹ́yìn.

Ibo ni wọn yóò sún dé? Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan náà ni ìdáhùn. Igbókòdá ni àkọ́kọ́, Igbókòdá pàápàá kò sì ga. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ilẹ̀ pupa Ìkálẹ̀. Ọkọ̀ tó gbé iyọ̀ àti ìbọn gòkè nígbà Glover yóò gbé ènìyàn gòkè lọ́tẹ̀ yìí, wọn kò sì ní kọjá lọ sí Oǹdó bí ẹrù ṣe ń ṣe. Wọn yóò dúró.

Ilẹ̀ gíga Ìkálẹ̀ sì kéré. Orí rẹ̀ ni ìlú, oko, títì àti yunifásítì jọ wà. Àfonífojì ló yí i ká. Bí a kò bá wọ̀n ọ́n ṣáájú, ẹni tó ń sá fún omi ní Ayétòrò ni a ó ta ẹsẹ̀ odò fún ní Òkìtìpupa, nítorí ibẹ̀ ni ilẹ̀ ti máa ń pọ́ọ́kú, omi á sì tún bá a níbẹ̀. Ohun tó yẹ kí ìjọba ìbílẹ̀ Òkìtìpupa àti ti Ìrèlè ṣe kò ju agbára wọn lọ: kí wọ́n gbé awọnlẹ̀ wọ oko, kí wọ́n wọn ilẹ̀ náà dé ìdí irà, kí wọ́n ri òpó mọ́ ibi tí omi dé nígbà òjò tó pọ̀ jù, kí wọ́n sì fi òfin de títa ilẹ̀ tó bá wà nísàlẹ̀ òpó náà fún ilé kíkọ́. Kí àwọn ọba, láti ọ̀dọ̀ Abòdì dé ọ̀dọ̀ àwọn ọba Ìkálẹ̀ yòókù, bá àwọn ọba Ìlàjẹ jókòó nísinsìnyí lórí ibi tí àlejò yóò gbé, kí ó má di ìjà ilẹ̀ lọ́la. Nígbà tí ọ̀nà Oǹdó là, àǹfààní ló bá Ìkálẹ̀ lójijì, wọ́n sì jẹ ẹ́ títí rélùwéè fi gbà á. Èyí tó ń bọ̀ yìí kò bá wa lójijì. A ti mọ ibi tí yóò gbà wọlé, mítà sí mítà.